Òdo Tó Wà Lórí Ìpìlẹ̀

Ọjọ́ Ajé, 4 Oṣù Kẹjọ
Ìwé àdéhùn iṣẹ́ mi máa parí lóṣù yìí. Ẹlẹ́rìn-ín — Díákónì Akínwándé, ọ̀gá wa ní àdúgbò Fourways; Dádì ni gbogbo wa ń pè é, inú ìwé mi yìí nìkan ni mo ti ń pè é ní Ẹlẹ́rìn-ín — ní bí iṣẹ́ kíkọ́ kílíníìkì tí àwa àti àwọn kọ́lékọ́lé mìíràn ń dù bá bọ́ sí wa lọ́wọ́, òun á gbà mí pátápátá. Bí kò bá bọ́ sí wa lọ́wọ́ ńkọ́? Owó kíréṣì Ṣẹwà ọmọ mi ńkọ́?

Èmi ni mo ń tẹ ètò iṣẹ́ náà sínú kọ̀ǹpútà. Iṣẹ́ kéékèèké wà lábẹ́ àkọlé wọn. Lábẹ́ Ìpìlẹ̀: àyẹ̀wò ilẹ̀, katakata tí yóò gbẹ́ ilẹ̀, ìwé àṣẹ. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ní owó tirẹ̀ tí kì í yí padà, iṣẹ́ ìbáà yá, ìbáà pẹ́. Ṣùgbọ́n lórí àkọlé Ìpìlẹ̀ fúnra rẹ̀ — òdo.

Ìṣẹ́gun, 5
Ẹlẹ́rìn-ín dúró sẹ́yìn mi, lọ́fínńdà ẹ̀ gba gbogbo ọ́fíìsì. "Ìyá Ṣẹwà, òdo kí lèyí? Ṣé a fẹ́ fi ilẹ̀ gbígbẹ́ ṣe sàráà fún wọn ni?" Bùkúnmi, ẹnjiníà wa, rẹ́rìn-ín títí ó fi húkọ́. Mo ní Dádì, owó wà lára àwọn tó wà nísàlẹ̀. Ó ní kí n ro wọ́n pọ̀, kí n kọ ọ́ sókè. Gbogbo àkọlé.

Yẹ́ẹ̀sì sà.

Ọjọ́bọ̀, 7
Eish. Iye gbogbo iṣẹ́ ti fò sókè. Kọ̀ǹpútà ti ń ka owó ìsàlẹ̀ tẹ́lẹ̀. Èyí tí mo kọ sókè, owó ọ̀tọ̀ ló kà á sí, ló bá fi kún un. Ilẹ̀ kan, a gba owó gbígbẹ́ ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì!

Mo lọ sọ fún Ẹlẹ́rìn-ín. Kò gbójú kúrò lára fóònù. "Ọmọ mi, mo ti ń kọ́lé kí bàbá ẹ tó fẹ́ ìyá ẹ. Kílíníìkì ni, kì í ṣe ilé adìyẹ. Ó gbọ́dọ̀ wọ́n." Mo kúnlẹ̀, mo jáde. Ó fi ètò iṣẹ́ náà ránṣẹ́ sí àwọn oníkílíníìkì nírọ̀lẹ́.

Ẹtì, 8
Mo tún gbogbo ẹ̀ rò. Lẹ́ẹ̀mejì náà ni.

Àìkú, 10
Wọ́n gbàdúrà fún iṣẹ́ kílíníìkì ní ṣọ́ọ̀ṣì. Mo ṣe àmín débi pé Ṣẹwà di etí. "Mommy, too loud."

Ajé, 18
A pàdánù iṣẹ́ kílíníìkì náà. Owó tiwa ló ga jù.

Ìṣẹ́gun, 19
Ẹlẹ́rìn-ín pe gbogbo wa jọ. Ta ló kọ owó sórí àkọlé? Ó ń rẹ́rìn-ín, èmi ló sì ń wò. Mo wo Bùkúnmi — ó ṣáà gbọ́ àṣẹ Dádì, ó ṣáà rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yẹn. Bùkúnmi ń wo èékánná ẹ̀.

Dàmọ́lá, ọkọ mi, ní kí n wá àgbà tó máa bá mi bẹ Ẹlẹ́rìn-ín. Mo ní èmi kọ́ ni mo jẹ̀bi. Ó ní ta ló bi mí bóyá mo jẹ̀bi?

Àbámẹ́ta, 23
Ìyá Ìjọ àti Màmá Fèyíkẹ́, àwọn àgbà ṣọ́ọ̀ṣì wa, ló mú èmi àti Ṣẹwà lọ sílé Ẹlẹ́rìn-ín. Mo kúnlẹ̀ lórí rọ́ọ̀gì. Wọ́n ní kí n sọ ọ́ kó já gaara: Èmi ni mo ṣe é, Dádì, ẹ jọ̀ọ́. Mo sọ ọ́.

Mo gbọ́ nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ṣẹwà ti kúnlẹ̀. Ó pa ọwọ́ pọ̀. "Sorry, Daddy."

Kí lọmọ mi ṣe?

Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Ẹlẹ́rìn-ín rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀. Ọmọ gidi! Ó ní ó ti tán, kí n wá síṣẹ́ lọ́jọ́ Ajé. Mo ti gbé ọmọ mi kúrò nílẹ̀ kí wọ́n tó ní ká dìde.

Ajé, 25
N ò lọ síbi iṣẹ́. Dàmọ́lá ò tíì mọ̀.