Àwo Òfìfo ní Wọ́ọ̀dù Iṣẹ́ Abẹ

Ilé Jẹ́ẹ́dé,
Ẹ̀yìn Mọ́sálásí,
Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí.
Ọjọ́ Kẹsàn-án, Oṣù Kẹjọ, 1984.

Alága Ìgbìmọ̀ Alákòóso,
Ilé Ìwòsàn Àánú-Wúrà,
Ìbàdàn.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

Ẹ̀BẸ̀ PÉ KÍ ARÁ ILÉ MÁA FÚN ALÁÌSÀN LÓÚNJẸ LẸ́YÌN IṢẸ́ ABẸ

1. Èmi ni ìyàwó Ràsáàkì Jẹ́ẹ́dé, àgbẹ̀ oníṣu tí àwọn dókítà yín ṣe iṣẹ́ abẹ pàjáwìrì fún ní oṣù Kẹrin. Iṣan ńlá tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ jáde láti inú ọkàn ló wú, tó sì bẹ́ sí i níkùn. Iṣẹ́ abẹ náà yọrí sí rere. Mo dúpẹ́.

2. Ṣùgbọ́n ọ̀dá òjò èṣí ti mú kí ọkọ mi rù kan egungun kí àìsàn tó dé. Dókítà sọ fún mi pé, "Ìyá, a ti ṣe tiwa. Oúnjẹ ló kù tí yóò gbà á là. Bí kò bá jẹun, ojú abẹ kò ní í jinná."

3. Wọn kò jẹ́ kí n wọlé. Wọ́n ní òfin ni. Ojú fèrèsé ni mo dúró sí. Wọ́n á gbé oúnjẹ wọlé, wọ́n á gbé àwo jáde ní òfìfo, wọ́n á ní ó jẹun yó. Síbẹ̀ ó ń rù sí i ni.

4. Lọ́jọ́ tí wọ́n ń tì í lọ ya fọ́tò àyà, mo tẹ̀lé e ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó ní, "Ìyá Mọ́nsúrù, n kò tíì fẹnu kan nǹkan kan. Bàbá tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì ẹ̀gbẹ́ mi ló ń jẹ ẹ́. Ọwọ́ rẹ̀ tutù."

5. Mo sọ fún nọ́ọ̀sì àgbà. Ó ní kò sí ẹnì kankan lórí bẹ́ẹ̀dì náà. Bàbá kan tí kò ní ará ilé ló kú síbẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, irú iṣẹ́ abẹ kan náà ni wọ́n ṣe fún un, kò sì sẹ́ni tó fún un lóúnjẹ. Kò wo apá ibẹ̀ bó ti ń sọ̀rọ̀. Ó ṣílẹ̀kùn fún mi.

6. Mo po ẹ̀kọ mọ́ wàrà. Bí mo ti bu ṣíbí kìn-ín-ní, ohun kan fà á lọ́wọ́ mi sí apá bẹ́ẹ̀dì kejì. Mo pe Bísímílà, mo dì í mú ṣinṣin, mo fi sí ọkọ mi lẹ́nu. Báyẹn ni mo ṣe ń fún un títí ara rẹ̀ fi kún. Ó ti ń rìn dé oko báyìí.

7. Ìdí tí mo fi kọ̀wé ni pé Ládòkun, ará Ìsẹ́yìn, wà lórí bẹ́ẹ̀dì tí ọkọ mi lò. Irú àìsàn kan náà ni, òun náà sì rù. Wọ́n ti gbé nọ́ọ̀sì àgbà náà lọ sí wọ́ọ̀dù mìíràn nítorí ilẹ̀kùn tó ṣí fún mi, ṣùgbọ́n ó ní kí Mọ́ládé, ìyàwó Ládòkun, wá mi kàn. Mọ́ládé ní òfìfo ni àwo ọkọ òun ń jáde, ọkọ òun sì ń gbẹ bí ewé.

8. Nítorí Ọlọ́run, ẹ jẹ́ kí Mọ́ládé wọlé lónìí. Ẹ jẹ́ kí ará ilé máa jókòó ti ẹni tó bá rù. N kò sì ní kí ẹ gbé bẹ́ẹ̀dì kejì kúrò. Ohun tí mo tún ń tọrọ ni pé kí wọ́n máa gbé àwo oúnjẹ kan kalẹ̀ sí ibẹ̀ náà. Ebi ń pa bàbá náà.

Ẹ ṣeun tí ẹ kà á dé ìparí.

Èmi ni tiyín tó ń retí àánú yín,
Àdìjátù Jẹ́ẹ́dé
(Olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀)