Kókó Ìdí Okùn

Bàámi,

Ṣé dáadáa lẹ jí? Ara tèmi le koko ní Snellville níbí. Rẹ̀mílẹ́kún ìyàwó mi ló ń bá mi kọ lẹ́tà yìí. Ọwọ́ mi ló ń sinmi.

Igbà tẹ́ ẹ fi ń gun ọ̀pẹ ni mò ń rántí ṣáá. Kẹ́ ẹ tó gùn, ẹ ó fọwọ́ tọ́ ọ láti orí dé ìdí, ẹ ó sì fà á lẹ́ẹ̀mẹta. Èmi á máa rẹ́rìn-ín pé igbà tẹ́ ẹ lò lánàá náà ni.

Àwa náà ń gun igi níbí tá a bá ń dọdẹ àgbọ̀nrín. Bẹ́líìtì la fi ń so ara wa mọ́ igi, okùn la fi ń sọ̀ kalẹ̀. A máa ń ta kókó sí ìdí okùn, kó lè dá èèyàn dúró bí okùn kò bá dé ilẹ̀. Ní Sátidé, igi tí mo gùn ga ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mi ò ta kókó kankan. Mo ní okùn tí mo lò lọ́sẹ̀ tó kọjá náà ni.

Ẹ má dààmú o. Orí ibùsùn ni wọ́n ń gbé oúnjẹ wá bá mi bí ọba. Nọ́ọ̀sì ló ń fi ṣíbí bọ́ mi.

Ẹ kí Màámi, ẹ má ka lẹ́tà yìí fún wọn. Ẹ bá mi kí igbà yín tó wà lára ògiri. Ẹ bá mi fà á lẹ́ẹ̀mẹta.

Fẹ́misí yín