Ewì Tí Mo Kà Sínú Fóònù

Marlys ọmọ mi,

Báwo ni Winnipeg? Ṣé ara rẹ le, ṣé o sì ń rí oúnjẹ gidi jẹ? Àdúrà mi ni pé kí ibi tí o wà máa tù ọ́ lára. Àlàáfíà ni àwa wà, àfi yìnyín tó bo ilẹ̀kùn àbà, ṣọ́bìrì la fi ń wà á.

Mo ti ń kọ́ ewì kíkọ ní ilé ìkàwé wa, ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀. Colette ni orúkọ tíṣà wa, ọmọdé ni, ṣùgbọ́n ó ní sùúrù. Ó ní ewì mi gùn jù, kí n gé e, mo bá mú sísọ́ọ̀sì dání lọ́sẹ̀ kejì, kò rẹ́rìn-ín, ó kàn ní ohun tí òun ń sọ kọ́ nìyẹn. Ó ní kí n kọ nípa ohun tí mo ń rí lójoojúmọ́. Kí ni mo ń rí bí kò ṣe bàbá rẹ? O mọ̀ pé òun àti Emmett àbúrò rẹ̀ ò bá ara wọn sọ̀rọ̀ mọ́ látìgbà tí wọ́n ti pín oko bàbá wọn, bẹ́ẹ̀ títì nìkan ló là wọ́n láàárín. Mo bá kọ ọ́ báyìí:

Kí ọkọ mi tó tilẹ̀kùn nírọ̀lẹ́
á kọ́kọ́ yọjú wo iná ilé àbúrò rẹ̀.
Tí kò bá tíì tàn,
kì í lè jókòó.

Colette ní kí a ka tiwa sínú fóònù kí a fi ránṣẹ́. Mo rò pé etí rẹ̀ nìkan ló ń lọ, mo tiẹ̀ kọ́kọ́ bi í nípa ikọ́ tó ń ṣe é. Àṣé gbogbo kíláàsì ló wà nínú fóònù yẹn, títí kan ìyàwó ẹni tó ń ta epo mọ́tò. Bàbá rẹ lọ ra epo, wọ́n sì gbé e sí i létí. Ó délé, kò bá mi jà, ó kàn ń jẹ ọ̀dùnkún rẹ̀ láìgbójú sókè. Ẹ̀rù bà mí, Marlys. Mo rò pé mo ti dójú ti ọkọ mi.

Ọjọ́ kejì, Emmett, tí wọ́n ti gbé e sí òun náà létí níbi epo, kan ilẹ̀kùn. Ó ní, ìyá Marlys, ṣé òótọ́ ni ohun tí ẹ kà yẹn? Kí n tó dáhùn, bàbá rẹ ti sọ láti ìdí sítóòfù pé iná náà ló ń gún òun lójú. Emmett ní tó bá rí bẹ́ẹ̀, òun á máa pa á. Bàbá rẹ ní kó dán an wò ná. Emmett ò kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Lẹ́yìn náà ni bàbá rẹ ní ṣé ibẹ̀ ló máa dúró sí ni, kó wọlé, òtútù ń wọ ilé.

Ọ̀rọ̀ àlìkámà nìkan ni wọ́n sọ, ṣùgbọ́n wọ́n sọ ọ́ títí kọfí fi tán. Láràárọ̀ ló ń wá báyìí, ọwọ́ rẹ̀ ò sì kúrò lára búrẹ́dì, nítorí náà, tí nǹkan bá wà lọ́wọ́ rẹ, jọ̀wọ́ fi díẹ̀ ránṣẹ́ fún oúnjẹ.

Ọlọ́run á ṣọ́ ọ, á sì fún ọ ní ẹni tí yóò máa yọjú wo iná tìrẹ.

Èmi ìyá rẹ,
Verna