Ẹjọ́ Oníbàtà Òyìnbó Tí A Dá Ní Ọ̀fà

Ẹ̀bá Tẹ́ṣàn Rélùwéè,
Ọ̀fà.
Ọjọ́ kẹtàlá, oṣù kẹwàá, 1962.

Bíọ́lá, ọmọ mi àtàtà,

Mo kí ọ kú ìwé kíkà, mo kí ọ kú àárẹ̀ ọpọlọ, mo kí ọ kú àjò Ìbàdàn. Ṣé ara rẹ le? Ṣé oúnjẹ tí wọ́n ń fún yín ń yó yín? Ọlọ́run tó mú ọ dé fọ́ọ̀mù mẹ́fà, níbi tí ẹnikẹ́ni kò tíì dé rí nínú ìdílé wa, kò ní jẹ́ kí ó rẹ̀ ọ́ lójú ọ̀nà. Gbogbo wa wà láàyè. Ànàmọ́ ta lọ́dún yìí, a wà á títí apá fi ń ro wá. Òrùlé ilé ìdáná ṣì ń jò, ṣùgbọ́n òjò ti fẹ́ lọ, nítorí náà kò sí wàhálà. Ewúrẹ́ Àǹtí Roseline, àbúrò ìyá rẹ, bí ìbejì, ó sì ní òun ti ya ọ̀kan sọ́tọ̀ de Kérésì tí o bá wálé.

Má bínú pé èsì lẹ́tà rẹ pẹ́. Láti oṣù kẹjọ ló ti dé, mo sì ti fi iṣẹ́ rán Ìbráhìm, gáàdì rélùwéè tó mọ̀ mí, pé kí ó sọ fún ọ kí o má tíì kúrò níbẹ̀. Mo kà á nínú lẹ́tà náà pé tíṣà yín, ìyáàfin òyìnbó yẹn, fún ọ ní máàkì méje nínú ogún nínú ẹ̀kọ́ tí ẹ ń pè ní lítíréṣọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àti pé ọkàn rẹ bàjẹ́ débi pé o fẹ́ fi ìwé sílẹ̀, kí o lọ gba iṣẹ́ táípíìsì tí àbúrò mi Adétóyè rí fún ọ ní Ìlọrin. O ní kí n má tíì sọ fún ìyá rẹ. Èmi náà kò sì sọ. Bí mo ti ń ka lẹ́tà náà sí i létí, mo fo ibẹ̀ bí ẹni fo gọ́tà, mo bọ́ síbi tí o ti ń kí àwọn ará ilé. Mo rò pé ọgbọ́n ni mo ṣe.

Ṣùgbọ́n mo mọ̀ ọ́, o kì í ṣe olódo. Mo ní ẹjọ́ tí wọ́n ní kí ẹ dá nínú ẹ̀kọ́ náà ló le ju ọmọdé lọ, ẹjọ́ tó bá sì le, àgbà la fi ń lọ̀. Ìbéèrè tí o fi Gẹ̀ẹ́sì kọ sínú lẹ́tà kò yé mi, nítorí Yorùbá nìkan ni mo lè kà, ni mo bá pe Tíṣà Dúrótìmí ti ilé-ìwé ìjọ wa, mo pe Alhaji Kamaldeen aládùúgbò wa tí kì í gbè sẹ́yìn ẹnìkan, mo sì pe Roseline. A jókòó sábẹ́ igi máńgòrò lẹ́yìn ìsìn Sọ́ńdè. Ìyá rẹ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń bẹ ànàmọ́.

Dúrótìmí là á yé wa. Ó ní nínú ìwé yín, ọkùnrin kan wà nílùú òyìnbó tó ń rán bàtà. Nígbà tó ń fẹ́ ìyàwó rẹ̀, ó ṣèlérí pé òun yóò mú un lọ wo òkun. Ogún ọdún kọjá, bàtà ló ń rán. Gbogbo ìlú ń wọ bàtà rẹ̀ lọ síbi tó wù wọ́n, ìyàwó kò kúrò nídìí ààrò. Nígbà tó di ọjọ́ kan, obìnrin náà dé fìlà, ó pa ilẹ̀kùn dé, ó lọ, kò dágbére fún ẹnikẹ́ni. Ìwé parí síbẹ̀. Wọ́n wá ní kí ẹ sọ ẹni tó jẹ̀bi, ìwọ sì kọ ọ́ pé ìyàwó ni.

Ọmọ mi, mo kan sáárá sí àwọn òyìnbó. Bí tọkọtaya bá jà nílẹ̀ wa, ilẹ̀kùn la ń tì kí aládùúgbò má baà gbọ́. Àwọn ń kọ ọ́ sínú ìwé, wọ́n ń fi í ránṣẹ́ gba orí omi kí ọmọ Ọ̀fà lè bá wọn dá sí i. Ohun kan ló rú mi lójú. Dúrótìmí ní ẹni tó kọ ìwé náà sọ ohun tí obìnrin yẹn ń rò lọ́kàn nígbà tó dá wà nínú yàrá. Ta ló sọ fún un? Alhaji ní yóò jẹ́ ìbátan ìyàwó, mo sì gbà bẹ́ẹ̀. Mo béèrè àdírẹ́sì rẹ̀ kí n lè kọ̀wé sí i, kí ó mú oníbàtà lọ bẹ àwọn àna rẹ̀. Dúrótìmí ní ọkùnrin náà ti kú láti nǹkan bí ọgọ́rin ọdún. Mo ní ṣé kò bímọ ni.

A wá dá ẹjọ́. Alhaji ní obìnrin kì í jáde nílé ọkọ láìdágbére. Roseline ní bí ọkọ kò bá lù ú, tí kò febi pa á, kí ló ń wá létí òkun. Èmi náà ní ìyàwó jẹ̀bi, mo sì ń múra láti ní kí Dúrótìmí kọ̀wé sí tíṣà rẹ pé gbogbo ilé fọwọ́ sí ìdáhùn rẹ, kí ó bá wa fi nǹkan kún méje náà. Ìgbà yẹn ni ìyá rẹ gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. Ó ní ìlérí ńkọ́. Ó ní gbogbo wa jókòó, à ń dá obìnrin lẹ́bi, kò sí ẹni tó bi oníbàtà léèrè ìlérí tó ṣe.

Dúrótìmí ní ohun tí tíṣà rẹ kọ sábẹ́ iṣẹ́ rẹ, tí o dà kọ sínú lẹ́tà, gan-an nìyẹn, pé o kò tẹ́tí sí obìnrin náà. Kí ó lè fi hàn wá, ó gbé lẹ́tà rẹ, ó ń kà á sókè, kò sì dúró níbi tó yẹ kó dúró. Ó ka ti táípíìsì, ó ka ti Ìlọrin, ó ka ibi tí o ti ní kí n má tíì sọ fún Màmá. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a.

Bíọ́lá, ojú tì mí. Ìyá rẹ kò pariwo. Ó ní òun ti mọ̀ tipẹ́ pé mo máa ń fo nǹkan, pé bí mo bá ń ka lẹ́tà rẹ fún òun, ojú mi á ti dé ìsàlẹ̀ ìwé kí ẹnu mi tó ṣí. Ó wá rán mi létí ìgbà tí mò ń lọ fẹ́ ẹ ní Ìjàgbo. Nínú àwa tí à ń tún ojú irin ṣe, èmi nìkan ló mọ̀wé, mo sì máa ń ka Bíbélì fún un ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ bàbá rẹ̀. Mo ṣèlérí pé kí ọdún tó yípo lẹ́yìn ìgbéyàwó, òun fúnra rẹ̀ ni yóò máa kà á. Ọdún kejìlélógún nìyí. Ó ní òun kò mọ bí òkun ṣe rí, ṣùgbọ́n òun mọ ohun tí obìnrin náà lọ wò. Alhaji dìde, ó ní àsìkò ìrun ti tó. Kò tíì tó.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń rò ó. Ọdún méjìlélógún ni obìnrin yìí fi gbé ọ̀rọ̀ yìí mì, ìtàn oníbàtà kan ló mú un jáde. Adétóyè máa ń sọ pé ìtàn kíkà kì í ṣe iṣẹ́. Mo ti ní kí ó fún ọmọ ẹlòmíràn ní iṣẹ́ táípíìsì náà. Ìwọ, má fi lítíréṣọ̀ sílẹ̀. Orí mi ń wú nítorí rẹ, mo sì ń sọ fún gbogbo èrò tẹ́ṣàn.

Ìmọ̀ràn kan rèé. Mo gbọ́ pé ìlú òyìnbó ni wọ́n ń kó ìwé ìdánwò yín lọ, àti pé nọ́ńbà lásán ni ẹ ń kọ sí i. Bí o bá fẹ́ dáhùn, kọ́kọ́ kí ẹni tí yóò kà á, béèrè àwọn ará ilé rẹ̀, sọ fún un pé ọmọ Oyètúndé ti Ọ̀fà ni ọ́, kí o tó bọ́ sórí ẹjọ́. Bóyá àìkíni ló sọ máàkì rẹ di méje.

Ìyá rẹ ti wà ní kíláàsì àwọn àgbà tí Dúrótìmí ń ṣe. Èmi ni mò ń bẹ ànàmọ́ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kíláàsì. Èédú ló fi ń kọ A, B, D sára ògiri ilé ìdáná, ó sì ti fẹ́ kọ ògiri tán, nítorí náà bí ìjọba bá fún yín lówó àpò, jọ̀wọ́ fi ṣílè mẹ́ta ránṣẹ́ kí n fi ra síléètì fún un. Má fi sí báńkì. Mo gbọ́ pé wọn kì í dá owó tí ènìyàn kó fún wọn padà, òmíràn ni wọ́n máa ń fún un. Fún Ìbráhìm.

Ọlọ́run yóò ṣí ọ níyè. Ìwé kò ní le fún ọ. Ibi tí ojú rẹ ń wò, ẹsẹ̀ rẹ yóò débẹ̀, àwa náà yóò sì fojú wa rí i.

Èmi ni bàbá rẹ,
Oyètúndé.

Mo rò pé mo ti parí, ṣùgbọ́n ìyá rẹ ní kí n ka lẹ́tà yìí fún òun kí n tó lẹ̀ ẹ́. Mo kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, n kò fo nǹkan kan. Ó ní kí n gbé kálámù wá. Èyí tó wà nísàlẹ̀ yìí, òun ló fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́, n kò dì í lọ́wọ́ mú.

BÍỌ́LÁ. ÈMI NI. KÀWÉ. ÈMI NÁÀ Ń LỌ WO ÒKUN.