Èmi Ò Ní Ra Fóòmù Lọ́wọ́ Ẹni Tí N Ò Lè Kí

Ọkọ mi, àkọ́bí mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Iṣẹ́ ńkọ́, ìyàwó ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Ọlọ́run tó mú yín dé ìlú ńlá yẹn kò ní jẹ́ kí ìlú ńlá gbé yín mì. Oúnjẹ tí ẹ bá jẹ, ara ni yóò fi ṣe, àárẹ̀ kò ní mọ ojúlé yín. Àwa náà wà. Ẹsẹ̀ bàbá rẹ ti san, àfi pé bí iṣẹ́ bá ti délẹ̀ ló máa ń rántí pé ó ń dun òun.

Fóòmù tí o rà fún wa lórí fóònù ti dé. Mo dúpẹ́ o, kí n tó máa bá ọ jà. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ló fi alùpùpù gbé e wá nínú páálí tí kò ga ju ọmọ ọdún mẹ́ta lọ. Mo ní fóòmù ẹni méjì dà, ó ní òun náà nìyẹn. Mo ní kó bá mi kí ẹni tó tà á, ó ní òun ò mọ̀ ọ́n. Mo ní ṣé kì í ṣe ọ̀gá ẹ ni, ó ní òun ò fojú kàn án rí. Ọkọ mi, ẹni tí kò rí ọ̀gá ẹ̀ rí, ta ló rán an níṣẹ́? Ó wá ní kí n fi ìka kọ orúkọ mi sára gíláàsì fóònù òun. Mo kọ ọ́, ó rí bí ẹsẹ̀ adìẹ nínú ẹrẹ̀, ó ní ó ti dáa bẹ́ẹ̀.

A gbé e wọ yàrá. Bí mo ṣe fi ọ̀bẹ ya ọ̀rá tí wọ́n fi dì í, ni nǹkan bá mí fííì, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Ó wú, ó wú, títí ó fi ti àga bàbá rẹ mọ́ ògiri. Mo figbe ta, mo sá jáde. Bàbá rẹ tó ní ẹsẹ̀ ń dun òun ti dé títì kí n tó dé ẹnu ọ̀nà.

Nọ́ńbà kan wà lára páálí, mo pè é kí n fẹjọ́ sùn. Obìnrin kan gbé e. Mo ní ẹ kú iṣẹ́ o, ó ní kí n tẹ ení. Mo ní àwọn ọmọ ńkọ́, ó ní kí n tẹ èjì. Mo ní ẹrù yín ń mí o, ó ní ìpè mi ṣe pàtàkì sí àwọn, ló bá fi orin sí i. Mo dúró ti orin náà títí owó fi tán lórí fóònù mi. Ta ló kọ́ obìnrin yẹn nílé?

Lọ́jọ́ kejì lo pè, o ní kí n fún wọn ní ìràwọ̀ márùn-ún. Ìràwọ̀ ta ni? Ẹni tó dá ìràwọ̀ ò rán mi pé kí n máa pín in, ká má tíì wá sọ pé fún ẹni tí kì í dáhùn ìkíni.

O tún ní kí n yé ra nǹkan lọ́wọ́ Bàbá Onífóòmù tó wà ní ìkóríta wa, pé olè ni, pé ìdajì owó tirẹ̀ ni ti inú fóònù. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí, n ò sì ní í gbé e mì. Òótọ́ ni pé ọjà rẹ̀ wọ́n. Ojú rẹ̀ pàápàá kì í tú ká láàárọ̀. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí bàbá rẹ já bọ́ lórí àkàbà, tí egungun ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ síta, ta ló gbọ́ igbe mi? Bàbá Onífóòmù ló fa fóòmù tuntun yọ nínú ṣọ́ọ̀bù, ó tẹ́ ẹ sẹ́yìn ọkọ̀ akẹ́rù rẹ̀, ó gbé bàbá rẹ lé e, ó sì rọra wa ọkọ̀ lọ ilé ìwòsàn bí ẹni tó ru ẹyin. Ẹ̀jẹ̀ ba fóòmù náà jẹ́. Títí di òní, kò béèrè owó rẹ̀ lọ́wọ́ mi. Ká ní obìnrin tẹ-ení-tẹ-èjì ni mo pè lọ́jọ́ náà, ẹnu orin ni bàbá rẹ ì bá kú sí.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo ń kọjá lọ, mo rí i tó ń ká ọjà rẹ̀ jọ. Ìyàwó rẹ̀ sọ fún mi pé oníbàtà ti kó lọ, ẹni tó ń ta gílóòbù ti tilẹ̀kùn, àwọn ló kàn. Mo bá wọlé, mo jókòó lórí fóòmù tó nípọn jù lọ, mo ní òun ni n ó rà, àti pé n ò ní dìde àfi bí wọ́n bá gbé èmi àti òun pọ̀ relé. Bàbá Onífóòmù ní ṣebí ọmọ mi ti fi ọ̀kan ránṣẹ́. Mo ní ìyẹn ti bàbá ẹ̀, èmi náà ní ẹ̀yìn. Mo ná an, ó yarí. Mo tún ná an, ó ní ṣé mo fẹ́ pa òun ni, mo ní kó kú. Ara mi wá yá gágá. Ìgbà yẹn ni mo tó mọ̀ pé mo ń rajà. Kí n tó kúrò níbẹ̀, ìyàwó rẹ̀ ti ń tú ẹrù tí wọ́n dì padà sílẹ̀.

Ní báyìí, fóòmù méjì ló wà ní yàrá. Bàbá rẹ ní tìrẹ rọ̀, òun ò ní kúrò lórí ẹ̀. N ò bá a jà. Èmi ń sun tèmi tó le bí òótọ́ ọ̀rọ̀. Àmọ́ láàná ó ní òtútù ń mú òun, kí n sún díẹ̀. Mo sún.

Ọkọ mi, owó ti tán lọ́wọ́ mi. Fi owó fóòmù mi ránṣẹ́, kí o fi owó ìrọ̀rí méjì lé e, nítorí mo ti ṣèlérí fún ìyàwó Bàbá Onífóòmù. Owó ni mo ní o, n ò fẹ́ páálí. Má sì sọ iye tí wọ́n ń ta ìrọ̀rí nínú fóònù fún mi, etí mi ti di sí i. Bí ọ̀rọ̀ yìí bá bí ọ nínú, wá sílé wá bínú. Ibi tí wàá sùn sí ti ṣófo báyìí.

Ọlọ́run yóò fi ẹni tó mọ orúkọ rẹ sí àdúgbò rẹ. Wàá ṣe é tì kọ́, wàá ṣe é yọrí ni.

Èmi ìyá rẹ, tí kò ní í yí ohùn padà.