Páìpù Tó Ń Kan Ìlẹ̀kùn

Kabba,
Oṣù Kẹsàn-án, 1956.

Ẹ̀gbọ́n mi Ìbítóyè,

Okun o. Mo kí yín, mo kí ìyàwó yín àti àwọn ọmọ tí a kò tíì fojú rí. Ẹ kú òtútù Jọ́ọ̀sì. Orúnkún Ìyá ti fúyẹ́ díẹ̀. Iṣu tuntun ti jáde, ṣùgbọ́n òjò kò jẹ́ kí lááfún tí a sá gbẹ.

Ọ̀rọ̀ Bàbá gan-an ni mo fẹ́ sọ. Páìpù tí ẹ ní kí káfíńtà fi gbé omi òrùlé sọ̀kalẹ̀, omi ẹnu rẹ̀ ń kán sórí garawa nítòsí yàrá Bàbá, kò, kò, kò. Ojú wọn kò ríran mọ́, wọ́n sì rò pé ẹ̀yin lẹ ń kan ìlẹ̀kùn. Ẹ mọ̀ wọ́n, wọn kì í jẹ́ kí ènìyàn dúró níta. Wọ́n á ní, "Okun o, Ìbítóyè, mò ń bọ̀." Ibi tí wọ́n ti ń lọ ṣí ìlẹ̀kùn ni wọ́n ti ṣubú lọ́jọ́ Àìkú.

Mo wá lọ́ akísà gígùn kan, mo so ó mọ́ ẹnu páìpù, kí omi máa gba ara rẹ̀ wálẹ̀. Kò dún mọ́.

Láti ìgbà náà, Bàbá kò fẹ́ jẹun. "Mo pẹ́ kí n tó ṣí ìlẹ̀kùn," ni wọ́n ń wí, "ọmọ mi ti bínú padà." Bí mo bá tú akísà náà, wọ́n á tún ṣubú. Bí mo bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, lójú wọn, ẹ̀yin lẹ bínú padà. Apá mi kò ká a mọ́.

Kí Ọlọ́run la ọ̀nà ilé fún yín. Tí ẹ bá dé, kódà bí ìlẹ̀kùn bá wà ní ṣíṣí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ́kọ́ kàn án.

Àbúrò yín,
Rhoda