Buráúnì Inú Ìkòkò Oníyanrìn

Ilé Kejìdínlógún,
Òpópónà Fákúnlé,
Èjìgbò,
Ìpínlẹ̀ Èkó.
Ọjọ́ Kẹfà, Oṣù Kẹjọ, Ọdún 2024.

Ìyá Dúpẹ́olúwa, Kúnbi mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà ni gbogbo yín wà ní Ìbàdàn? Bàbá Dúpẹ́olúwa ńkọ́, ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n ti fúyẹ́ díẹ̀? Dúpẹ́olúwa fúnra rẹ̀ ńkọ́, ṣé eyín tó ń hù ti jẹ́ kó sinmi ẹkún? Ara tiwa náà le, mo dúpẹ́. Ọkàn mi balẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí débi pé tí o bá rí mi, wàá rò pé mo jẹ tẹ́tẹ́ ni. Jókòó dáadáa kí o tó máa ka lẹ́tà yìí, kí o sì má fi mí rẹ́rìn-ín títí wàá fi kà á tán.

O mọ̀ pé ọ̀rọ̀ Salimat ni mo fi ń dà ọ́ láàmú lórí fóònù láti ọjọ́ yìí, ọmọ tí ìyá rẹ̀ tó ṣaláìsí bí fún Ìsmáílà ọkọ mi. Ó pé ọdún kan àti oṣù méjì tí mo ti wọlé wọn, ọmọ náà ò tíì fi oúnjẹ mi kan ẹnu. Kì í ṣe pé ó ń rí mi fín o. Yóò kúnlẹ̀ kí mi láàárọ̀, yóò fọ abọ́, yóò gbálẹ̀, ṣùgbọ́n tí mo bá ti bu oúnjẹ fún un, á ní òun ti yó. Tó bá yá, á lọ se indómì tirẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n sin ìyá rẹ̀ ni ìyá àgbà rẹ̀, ìyá tó bí ìyá rẹ̀, tó ń gbé Ìsẹ́yìn, ti kìlọ̀ fún un pé bí bàbá rẹ̀ bá fẹ́ ẹlòmíì, kó má jẹ nǹkan lọ́wọ́ onítọ̀hún. Mi ò bínú sí màmá náà. Ọmọ wọn ló kú, ẹ̀rù ló ń bà wọ́n. Ṣùgbọ́n ó dùn mí, Kúnbi. Ó dùn mí ju bí mo ṣe ń sọ fún ọ lọ.

Ìsmáílà ní ọmọ ọdún méjìlá ò lè máa fi indómì dàgbà. Òun àti màmá bá fẹnu kò pé tí ilé ìwé bá ti gba họlidé, kí màmá wá mú un lọ sí Ìsẹ́yìn, kó kúkú máa gbé lọ́dọ̀ wọn. Ọjọ́ Àìkú tó kọjá yìí ni wọ́n dá. Tí mo bá ní kó má lọ, wọ́n á bi mí pé kí ni mo fẹ́ fi ọmọ ọlọ́mọ ṣe.

Nígbà tó di ọjọ́ Sátidé, mo ní kí n ṣe nǹkan kan fún un kó tó lọ, bí kò tiẹ̀ ní jẹ ẹ́. Fídíò kan wà lórí fóònù bàbá rẹ̀ tí Salimat kì í yé wò, ti obìnrin òyìnbó kan tó ń yan buráúnì, kéèkì ṣokoléètì pẹlẹbẹ kan báyìí tí wọ́n fi míǹtì, èyí tó máa ń mú ẹnu tutù, sí. Mo wò ó lẹ́ẹ̀mẹta. Èèbó tí obìnrin náà ń sọ yára ju ẹ̀rọ ìránṣọ mi lọ, ọwọ́ rẹ̀ nìkan ni mo ń wò. Iṣẹ́ rẹ̀ ò le: yọ́ bọ́tà àti ṣokoléètì pọ̀, po ẹyin àti ṣúgà mọ́ ọn, da fùláwà díẹ̀ àti kòkó lílọ̀ sí i, kán míǹtì sí i, ó parí. Míǹtì yẹn ló fẹ́ pa mí. Gbogbo Òṣòdì ni mo rìn, súìtì ni wọ́n ń nà sí mi. Àgọ́ Palace ni mo ti wá rí ìgò kékeré kan lọ́wọ́ obìnrin tó ń ta èlò kéèkì. Ó ní kí n má kán an ju ẹ̀ẹ̀mẹta lọ, àfi tí mo bá fẹ́ kí àwọn ará ilé rò pé ọṣẹ ìfọyín ni àwọn ń jẹ.

Mi ò ní ófùnù, ṣùgbọ́n àwa tí Ìyá Ọlọ́runṣògo kọ́ ní kéèkì yíyan nígbà tá a wà lọ́mọdé, kí la fẹ́ fi ófùnù ṣe? Mo bu yanrìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́ ládùúgbò wa, mo fọ̀ ọ́, mo sá a sóòrùn títí ó fi gbẹ, mo dà á sí ìdí ìkòkò irin ńlá, mo gbé e ka gáàsì. Nígbà tí yanrìn gbóná, mo gbé páànù kéèkì lé e, mo dé e pa. Ó tó bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n kí n tó ti ẹyọ ìgbálẹ̀ tí mo ti fọ̀ bọ àárín rẹ̀. Ó jáde pẹ̀lú kéèkì tútù lára. Mo dé e padà. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá, mo tún tì í bọ̀ ọ́, ó ṣì tutù. Kéèkì náà ò sì wú rárá. O rántí òfin Ìyá Ọlọ́runṣògo pé ẹni tó bá sọ kéèkì kalẹ̀ nígbà tí ìgbálẹ̀ rẹ̀ ṣì tutù, orí ìkúnlẹ̀ ni ilẹ̀ á ṣú u sí. Ìwọ lo kúnlẹ̀ jù nínú wa. Mo ní ohun kan ṣoṣo tí mo fẹ́ ṣe fún ọmọ yìí náà, mo ti bà á jẹ́.

Bí mo ṣe fẹ́ dé e lẹ́ẹ̀kẹta, mo gbọ́ ohùn Salimat lẹ́yìn mi. Òórùn ṣokoléètì ló gbé e wá. "Àǹtí, ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ jọ̀ọ́, ó ti ṣe tán." Mo fi ìgbálẹ̀ hàn án, mo ní kò tíì jinná. Ó ní, "Bó ṣe máa ń rí nìyẹn. Inú ẹ̀ gbọ́dọ̀ rọ̀. Obìnrin yẹn sọ ọ́ nínú fídíò, pé tó bá fi lè gbẹ, ó ti bàjẹ́ nìyẹn." Ó gba aṣọ tí mo fi ń di ìkòkò mú lọ́wọ́ mi, òun fúnra rẹ̀ ló gbé e kalẹ̀. Wọ́n ní ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ. Lọ́jọ́ yẹn, tèmi ni ò wọ akèrègbè.

Ó ní ká jẹ́ kó tutù ká tó gé e, a bá jókòó tì í. Ó ń sọ ọ̀rọ̀ ilé ìwé wọn fún mi, bí ẹni pé ojoojúmọ́ la ti ń sọ ọ́. Kò tíì tutù tán tó fi ya etí rẹ̀ kan, tó sọ ọ́ sẹ́nu. Mo rò pé kò tiẹ̀ mọ ìgbà tó ṣe é. Mo yíjú, mo ń fọ abọ́ tí mo ti fọ̀ tẹ́lẹ̀, kó má bàa rí omi tó ń bọ́ lójú mi. Nígbà tí mo máa wẹ̀yìn, ó ti jẹ méjì, ó ní míǹtì rẹ̀ mú díẹ̀. Nírọ̀lẹ́, ó bu ìrẹsì nínú ìkòkò mi. Ilẹ̀ ni èmi àti bàbá rẹ̀ ń wò.

Síbẹ̀, ẹrù rẹ̀ ti wà ní dídì, ọ̀rọ̀ àgbà sì lọ̀rọ̀ tí wọ́n ti sọ. Màmá dé lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú. Salimat to buráúnì sínú àwo, ó kúnlẹ̀, ó gbé e fún wọn. Wọ́n gé e jẹ, wọ́n yẹ àárín rẹ̀ wò, wọ́n ní, "Ta ló ṣe èyí? Kò mà jinná."

Salimat ò dìde lórí ìkúnlẹ̀. Ó ní, "Ó jinná, Màmá. Bá a ṣe ń ṣe é nílé wa nìyẹn."

Màmá wò ó títí, wọ́n wò mí. Wọ́n jẹ èyí tó kù lọ́wọ́ wọn tán, wọ́n ní kí n bu omi wá fún àwọn. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, Ìsmáílà sìn wọ́n dé ibi ọkọ̀ ní Òṣòdì. Àwọn nìkan ni wọ́n padà sí Ìsẹ́yìn.

Bá mi kí Bàbá Dúpẹ́olúwa dáadáa, kí o sì fẹnu ko ọmọ wa létè fún mi. Ìsmáílà ní kí n kí ọ. Salimat náà ní kí n kí yín.

Èmi ni, ọ̀rẹ́ rẹ tí ara ti tù,
Ṣùkúrátù.